Sitẹ́rọ́ìdì fún awọ ajá: sípíréè ẹ̀ dáa, hóró ẹ̀ gba ọgbọ́n, abẹ́rẹ́ onípípẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ kí n ti fún àwọn sitẹ́rọ́ìdì tí mo lò fún ajá mi, ìyẹn àwọn oògùn tó ń mú kí awọ tó ń wú, tó ń pọ́n, tó ń yún rọlẹ̀, ní máàkì kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, kẹ́ni tó ń kánjú lè rí i kó máa lọ. Sípíréè hydrocortisone aceponate, mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Hóró prednisolone, mẹ́ta, ó lè di mẹ́rin tẹ́ ẹ bá ní dókítà tó ń ṣọ́ yín. Abẹ́rẹ́ onípípẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń gún lẹ́ẹ̀kan tó máa wà lára ajá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọ̀kan péré, àánú ni mo sì fi fún un ní ọ̀kan yẹn. Kírímù èèyàn tí mo lọ mú nínú dúrọ́ọ̀ ara mi, òdo, ẹ̀bi èmi sì ni, kì í ṣe ẹ̀bi kírímù. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, orúkọ oògùn tó wà nínú ìgò ni mo máa pè torí òun ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò lára páálí, orúkọ gàdàgbà tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ lè jẹ́ ohunkóhun.

Ajá tí mò ń sọ yìí, Jáàkì la ń pè é, kílò 18 ni, ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí, kò sì tíì pé ọdún méjì nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kì í ṣe kó kàn họra lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì bí gbogbo ajá ṣe ń ṣe o. Aago méjì òru lẹ máa gbọ́ ọ tí á máa lá ẹsẹ̀, ṣàpẹ̀ ṣàpẹ̀ ṣàpẹ̀, tó bá jáwọ́ níbẹ̀ á gbọn etí pàpàpà, á tún dìde lọ fi ìhà nu ẹsẹ̀ àga, tẹ́ ẹ bá ní kó má ṣe é mọ́ á wò yín lójú bíi pé ẹ̀yin lẹ fi yún un. Irun funfun tó wà láàárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ di pupa rúsúrúsú nítorí itọ́. Abẹ́ apá pọ́n, ikùn pọ́n, inú etí ń gbóná. Ẹni tó bá ti ní irú ajá yìí rí mọ̀ pé àwọn ibi tí àlájì awọ, ìyẹn kí ara máa kọ nǹkan tí kò bá a lára mu títí awọ á fi máa yún, máa ń fẹ́ràn láti jókòó sí nìyẹn, ẹsẹ̀, abẹ́ apá, ikùn, etí, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́fà títí dé ọdún mẹ́ta. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo wá ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ara ẹ̀ gbẹ kanrin, ó tún wá burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí kírímù. Èmi fúnra mi ni wọ́n kọ ọ́ fún nígbà kan, mo rí i pé wọ́n kọ betamethasone sára ẹ̀, mo ní ṣebí sitẹ́rọ́ìdì ni sitẹ́rọ́ìdì ń jẹ́, mo fi pa á níkùn. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi lá a tán. Mo tún pa á, ó tún lá a, ó gbà pé mò ń fún òun ní nǹkan jẹ ni, ó ń jurù sí mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bọ́ ajá ní betamethasone kí n tó lajú. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé awọ ajá kì í ṣe ẹgbẹ́ awọ wa, òkè awọ tiwa máa ń tó ìpele sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ajá ò ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ, irun ló fi bo àléébù ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tá a bá fi pa á níbi tírun ò pọ̀ sí fi máa ń wọlé kíákíá. Sitẹ́rọ́ìdì tó wà nínú ẹ̀ gan-an tiẹ̀ lè má jẹ́ olórí wàhálà. Àwọn ìpara èèyàn kan ní zinc oxide nínú, ajá tó bá lá a dáadáa máa bì, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́. Èyí tó tún wá burú jù ni ìpara tó ní calcipotriene, tí wọ́n ń kọ fún àwọn tó ní psoriasis, àrùn awọ tó máa ń pọ́n tó sì máa ń bó, nígbà míì wọ́n máa ń pò ó pọ̀ mọ́ betamethasone nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Díẹ̀ nínú ẹ̀ lẹ́nu ajá, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á fò sókè, kíndìnrín á bàjẹ́, ajá lè kú. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní irú ọ̀pá yẹn nílé, kódà kẹ́ ẹ má fi pa á, ẹ gbé e síbi tí eyín ajá ò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tèmi ò ní i nínú, orí ló yọ mí.

Ẹ wá gbọ́ ti abẹ́rẹ́. Ibi tá a kọ́kọ́ gbé e lọ, mi ò ní sọ ibẹ̀ torí kì í ṣe ìjà ni mo ń bá kiri. Ẹni tó dá wa lóhùn ò fọwọ́ kan awọ ajá yẹn fún odidi ìṣẹ́jú kan, ó wò ó lókèèrè, ó ní àlájì ni, ó fa nǹkan sínú síríńjì, ó gún un nítan. Mo bi í pé kí ni, ó ní oògùn ara yíyún ni. Ṣé ẹ rí ìdáhùn yẹn, kẹ́ ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀la yẹn, ajá yìí sùn. Ó sùn fọnfọn, èmi náà sùn, mo jí láàárọ̀ mo rò pé ó ti kú ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wà bẹ́ẹ̀, ara yíyún wá padà dé, a tún padà lọ, wọ́n tún gún un. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò pé mẹ́ta. Mo wá ń ṣàkíyèsí pé abọ́ omi ẹ̀ kì í ní omi mọ́, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni mò ń pọn ọ́n kún, ó wá di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ń tọ̀ sílé, ajá tí kò tọ̀ sílé rí látìgbà tó ti wà ní ọmọ. Ikùn ẹ̀ yọ síta rogodo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rù. Ibi tí wọ́n fá lára ẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ ò hu irun. Mo yí i dojú ikùn sókè mo wò ó, awọ ibẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, mò ń rí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbàgàdà, àwọn nǹkan dúdú tíntìntín wá pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni wọ́n ata gígún lé e.

Ibòmíì tá a wá lọ ni mo ti mọ̀ pé methylprednisolone acetate ni wọ́n ti ń gún un, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, àti pé tó bá ti wọlé, ó ti wọlé nìyẹn, kò sí ẹni tó lè fà á jáde. Ìjà mi pẹ̀lú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Hóró, tó bá ń yọ ajá lẹ́nu, ẹ lè máa dín in kù lọ́la. Sípíréè, ẹ lè má fín in. Abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ máa jókòó wò ó ni, tó bá wu òun ló máa lọ. Mo gbọ́ pé àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n lè lò fún wọn, bíi kí ajá máa géni jẹ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi hóró sí i lẹ́nu, ó dáa, ìdí nìyẹn tí mo fi fún un ní ọ̀kan. Kẹ́ ẹ kàn máa gún un lóṣooṣù bí ẹni ń san owó iná, rárá.

Obìnrin dókítà kejì yìí, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ò ní oògùn nínú rárá. Ó fi kóòmù ya irun ajá wò bóyá yọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó fi abẹ họ awọ ẹ̀ díẹ̀ títí tó fi fẹ́ ṣẹ̀jẹ̀, ó nà án sórí gíláàsì. Ó tẹ téèpù mọ́ àárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, ó kùn ún láró, ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó ní òun ń wá kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní demodex, inú ihò irun ló ń gbé, tó bá jẹ́ òun ni, sitẹ́rọ́ìdì á jẹ́ kó bímọ kún ilé. Làpálàpá náà bẹ́ẹ̀. Kúrúnà ajá náà, ẹ máa rò pé ó ń sàn torí kò họra mọ́, kòkòrò ń gbilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Kò rí ìkankan nínú gbogbo wọn lára Jáàkì o, àmọ́ bakitéríà àti yíìsì tó rí láàárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi, ó pọ̀ bí èèrà. Ó wá yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, kòkòrò wà níbẹ̀ náà, ajá náà ò sì fi hàn lójú pé nǹkan ń ṣe òun, torí sitẹ́rọ́ìdì ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó ní kò sí sitẹ́rọ́ìdì kankan fún ìgbà díẹ̀ ná. Ọṣẹ tó ní chlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò lára awọ, ló fún wa láti máa fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ká jẹ́ kó wà lára ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó ṣàn án dànù, oògùn fún ìtọ̀, àti hóró yọ̀rọ̀ lóṣooṣù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí yọ̀rọ̀ kankan, ó ní ajá tó ń lá ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn á ti gbé wọn mì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń lò, òdo sí mẹ́wàá, òdo ni ajá tí kò họra ju ti gbogbo ayé lọ, mẹ́wàá ni èyí tí kò lè jẹun tí kò lè sùn torí yíyún. Ó ní kí n máa kọ iye tí mo bá rí sílẹ̀ lálaalẹ́. A bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń wẹ̀ ẹ́, láìsí sitẹ́rọ́ìdì tuntun kankan, a ti wà ní mẹ́rin. Ìdajì gbogbo wàhálà yẹn, kòkòrò ni! Abẹ́rẹ́ mẹ́ta la fi ń gún nǹkan tí ọṣẹ lè mú kúrò, abẹ́rẹ́ yẹn náà ló sì tún ń ro oko fún kòkòrò kó lè gbin tiẹ̀ dáadáa.

Bí sitẹ́rọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, gẹ́gẹ́ bó ṣe yé mi. Nígbà tí awọ bá pàdé nǹkan tí kò bá a lára mu, bíi eruku, ìyẹ̀fun òdòdó, àwọn kòkòrò tíntìn tó ń gbé nínú tìmùtìmù, ara á fọn fèrè, gbogbo sójà á rọ́ wá, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á máa yún. Sitẹ́rọ́ìdì ò bá sójà kankan jà, inú sẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀ lọ tààrà lọ síbi tí àṣẹ ti ń jáde, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Gbogbo wọn á sì dákẹ́. Àmọ́ sójà tó ń bá eruku jà yẹn náà ló ń bá kòkòrò jà, kò mọ èwo ló yẹ kó dá dúró. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ o. Ọdún 1948 ni dókítà kan, Philip Hench, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún obìnrin kan tí oríkèé ara ẹ̀ ti lé, tí kò lè rìn dáadáa, ní cortisone, sitẹ́rọ́ìdì kan, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń rìn kiri ìgboro, ọdún 1950 wọ́n fún Hench àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Kendall àti Reichstein, ní ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo ayé ń jó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ojú àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí awọ wọn ń já, tí egungun wọn ń rọ. Tí mo bá rántí òru àkọ́kọ́ tí Jáàkì sùn yẹn, mi ò lè bú àwọn tó jó nígbà náà.

Ó dáa, sípíréè wá. Ìgbà tí yíyún kù sí mẹ́rin tó wá jẹ́ pé ikùn àti abẹ́ apá nìkan ló ṣì ń pọ́n ló wá kọ ọ́ fún wa. Hydrocortisone aceponate, 0.584 mg wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé wọ́n so nǹkan mọ́ hydrocortisone yẹn lára kó lè rọrùn fún un láti wọ inú awọ, tó bá ti wọ inú awọ tán, inú ibẹ̀ náà ni ara á ti tú u palẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń rí ọ̀nà dénú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé ìgò jìnnà sí awọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìbú àti mẹ́wàá ní òró, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ méje. Kò sí fífi ọwọ́ pa á. Á gbẹ fúnra ẹ̀ kíákíá. Èmi gé páálí kan sí igun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mò ń gbé e lé ikùn ajá láti fi wọ̀n ọ́n, àwọn ará ilé ń fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ èyí tí mò ń fi ojú wọ̀n tẹ́lẹ̀, mo rí i pé ìlọ́po méjì ni mò ń fín!

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, mi ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta pípọ́n yẹn ti ń rọlẹ̀, ọjọ́ karùn-ún mo wò ó títí mi ò mọ ibi tí mo ti ń fín nǹkan sí mọ́. Yíyún bọ́ sí méjì. Omi tó ń mu ò lé, kò tọ̀ sílé, ikùn ò wú. Fún èmi tó ti rí ojú abẹ́rẹ́, mo kàn ń wo abọ́ omi yẹn ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Àléébù ẹ̀ o. Ariwo ẹ̀! Fíìììs yẹn, ajá mi gbà pé ejò ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a fẹ́ẹ̀ lè má rí i mú mọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni pé mo kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ sínú afẹ́fẹ́ níbi tó jìnnà sí i, tí mò ń fún un ní nǹkan tó fẹ́ràn, fún ọjọ́ méjì, kí n tó fín in sí i lára. Òórùn ẹ̀ náà wọ imú bí ọtí líle, ohun tó wà nínú ẹ̀ sì lè gbiná, torí náà ẹ má fín in nítòsí ààrò tàbí àbẹ́là. Níbi tírun bá ti ki, irun lẹ máa fín, kì í ṣe awọ, ẹ gé e tàbí kẹ́ ẹ là á. Ẹ má fín in sí ojú egbò tó ti là. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọdé fọwọ́ pa ajá níbẹ̀ títí tó fi máa gbẹ. Kò yẹ kẹ́ ẹ fín in ju ìdá kan nínú mẹ́ta ara ajá lọ, ajá tí kò bá sì tíì pé oṣù méje, kí dókítà rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ sí i torí sitẹ́rọ́ìdì máa ń dín ìdàgbà kù. Ìdajì máàkì tí mo yọ yẹn, tìtorí fíìììs ni.

Oríṣi míì wà tó jẹ́ triamcinolone 0.015%, èmi ò lò ó, ọ̀rẹ́ mi kan ló lò ó fún ajá tiẹ̀, ìyẹn gùn ju, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje míì, ẹ wá máa fo ọjọ́ kan ọjọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kù, ọjọ́ 28 lápapọ̀. Ó ní ó ṣiṣẹ́. Sùúrù tèmi ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sì tún wà tí wọ́n pò betamethasone pọ̀ mọ́ gentamicin, wọ́n dáa fún egbò tútù tó bá bu ajá lójijì tí ó kan kòkòrò bakitéríà, àmọ́ kẹ́ ẹ máa fín oògùn kòkòrò sí ibi tí kò sí kòkòrò lóṣù lóṣù, ìyẹn ò mọ́gbọ́n dání.

Hóró prednisolone la lò lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ara ẹ̀ ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, láti imú dé ìdí, sípíréè ò sì lè ká a. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ fún ara yíyún jẹ́ 0.5 sí 1 mg fún kílò kan lójúmọ́, tèmi gba 10 mg láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ fún ọjọ́ márùn-ún, 5 mg fún ọjọ́ márùn-ún míì, a wá ń fo ọjọ́ kan ọjọ́ kan títí ó fi tán. Ó ṣiṣẹ́ bí idán. Wákàtí mẹ́rìnlélógún, yíyún ti já sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ebi! Ajá yìí jẹ kànrìnkàn tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ó jẹ bébà. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn kíṣìnnì bí ọlọ́pàá. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru bí ẹni tó sáré dé. Mo wọn omi tó mu, lítà méjì àbọ̀ lọ́jọ́ kan, nígbà tó jẹ́ pé kì í mu tó lítà kan tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi omi dù ú o, ẹ máa mú un jáde lọ tọ̀ ni, èmi fi aago sí agogo kan òru fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bá a ṣe ń dín in kù ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

Dídín in kù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Nǹkan kékeré méjì kan jókòó lórí kíndìnrín ajá, àwọn ló ń ṣe sitẹ́rọ́ìdì ara fúnra ẹ̀. Tí ti ìta bá ń wọlé fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á káwọ́ gbera, wọ́n á lọ sùn. Ẹ wá lọ dá hóró dúró lójijì torí páálí tán, kò sí ti ìta, ti inú náà ń sùn, ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò ní lókun, ó lè dákú. Ohun kejì tí kò ní àríyànjiyàn: ẹ ò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ oògùn ìrora bíi carprofen tàbí meloxicam, méjèèjì máa dá ọgbẹ́ sí inú ẹ̀, inú sì lè lu. Tí ajá yín bá ń lo oògùn orúnkún, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ nǹkan kan. Ajá tó bá ní àtọ̀gbẹ náà, ẹ sọ, torí sitẹ́rọ́ìdì máa ń gbé ṣúgà sókè. Tó bá wá jẹ́ pé oṣù lórí oṣù lẹ fi ń fún un, ohun tí mo sọ nípa ikùn Jáàkì yẹn ṣì kéré, àwọn ajá kan wà tí kálísíọ̀mù máa ń lọ dì sínú awọ wọn, á le gbagidi bí òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn wọn, lábẹ́ itan, á máa yún, á máa là. Mo rí fọ́tò ẹ̀, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Ti etí, kúkúrú ni. Ọ̀pọ̀ oògùn etí ajá ló ní sitẹ́rọ́ìdì nínú, mometasone tàbí hydrocortisone aceponate náà, pẹ̀lú oògùn bakitéríà àti ti yíìsì. Wọ́n dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tan iná wo inú etí ẹ̀ kọ́kọ́, tí ìlù etí bá ti ya, àwọn kan nínú wọn lè sọ ajá di adití.

Ẹnì kan máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú lo àwọn tí kì í ṣe sitẹ́rọ́ìdì. Mo bi dókítà náà. Oclacitinib, 2013 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, ó yá, wákàtí díẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ní òǹgbẹ yẹn nínú, ajá tó bá ti pé ọdún kan ló wà fún, òun náà sì ń pa sójà lẹ́nu mọ́ díẹ̀. Lokivetmab jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo tó ń gbé ìròyìn yíyún lọ sí ọpọlọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ló ń fi wà, òun gan-an ni irú abẹ́rẹ́ tí mi ò ní bínú sí. Ciclosporin máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó jí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọdún ni gbogbo ara ajá yín ń yún, èmi máa lọ síbẹ̀ dípò kí n máa fi hóró prednisolone ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un. Fún ikùn àti abẹ́ apá tó ń pọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àgbàrá ni kí n máa fi pa iná àtùpà ni.

Bá a ṣe wà báyìí: tí ibì kan bá pọ́n, ọjọ́ méje. Tó bá ti lọ, a ò kàn gbé ìgò pamọ́, ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra wọn lọ́sẹ̀ la ń fín in síbi tó ti máa ń yọ yẹn kó tó yọ, dókítà ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó padà. Satidé àti Sunday la mú. Ọṣẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, hóró yọ̀rọ̀ lóṣooṣù. Ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà sí ṣì wà lára fíríìjì, oṣù tó kọjá, èyí tó ga jù níbẹ̀ ni mẹ́ta. Irun ti hù padà sí ibi abẹ́rẹ́ yẹn, ó gbà á ní oṣù mẹ́sàn-án, èyí tó hù sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí mo bá ti gbé páálí onígun mẹ́rin yẹn báyìí, Jáàkì á ti dojú ikùn sókè fúnra ẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wá di ojú pa de fíìììs.